Òróró Lójú Dígí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wo dígí ọlọ́wọ́ gígùn tó wà lára ọkọ̀ mi níta yẹn. Àlá ló so ó mọ́ ọn. Ọ̀sán àná ni mo lá a, lórí ìjókòó awakọ̀, nígbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán tí mo ń dúró kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ píkọ́ọ̀pù mi. Ẹ mọ tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo máa ń so mọ́ ọn nídìí, tí ẹ̀rọ tí ń lọ gbágùúdá wà lórí rẹ̀, tí mo fi ń ti oko dé oko. Tírélà yẹn fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Tí mo bá wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ara ẹ̀rọ nìkan ni mo ń rí. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Fadérera ìyàwó mi ló máa ń dúró lẹ́yìn tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn, táá máa pariwo pé, "Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ó tó!" Láti ọdún tó kọjá ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá dígí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Èmi a ní, "Ìyá Bọ́lá, òróró àdúrà tí mo fi ń pa á lójú ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣé kò tó ni?"

Bí oorun ṣe gbé mi lọ báyìí, mo ti wà lójú ọ̀nà Ìdí-Arère. Màmá mi jókòó sórí tírélà, lórí àga onítìmùtìmù tó wà ní pálọ̀ wa, ó ń lọ síbi ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀. Ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀dà mọ́. Gàrí ni, gàrí funfun, táyà sì ń rì sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ká mi lára ni pé láti ìgbà tí a ti gbéra ni Màmá ti ń kì mí, "Àjàgbé, ọmọ a-rìn-má-wẹ̀yìn," àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì.

Mo wo dígí. Mi ò rí nǹkan kan.

"Má wulẹ̀ wò mí," ni dígí wí. Ohùn rẹ̀ jọ ti àǹtí mi tó ń gbé ní Ṣakí. "Èmi náà ò rí nǹkan kan."

"Ẹ káàsán o, Mà. Kí ló ṣe yín lójú?"

"Ṣebí òróró rẹ náà ni! Ọdún mẹ́ta lo ti ń dà á sí mi lójú. Òróró gbá eruku mú, eruku gbá òróró mú. Bí áńgẹ́lì bá ń kọjá lẹ́yìn, mo lè rí òjìji rẹ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ńkọ́? Rárá o. Ọwọ́ mi sì tún kúrú, tírélà rẹ fẹ̀, ó dí mi lójú."

"Àdúrà ni mo fi ń ṣe é, Mà."

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ, Ó rán Fadérera sí ọ. Ṣé o gbọ́ tiẹ̀?"

Mo bi í pé báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè gùn. Ó ní àfi kí n gba àṣẹ ní Iléeṣẹ́ Ohun Tó Wà Lẹ́yìn. Kó tó pa ẹnu dé, iléeṣẹ́ náà ti ń léfòó bọ̀ lókè igi, ilé alájà méjì, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, aṣọ sísá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Igi gbágùúdá ni wọ́n fi ṣe àkàbà rẹ̀. Mo gùn ún.

Ọ̀gá kan wà nídìí tábìlì, ó wọ kóòtù, ó de táì.

"Kí ló wà lẹ́yìn rẹ?" ló bi mí.

"Màmá mi ni, sà. Mo rò pé àwọn ni."

"O rò ni àbí o rí?"

"Mo rò ni, sà."

"Kọ ọ́ síbí."

Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bó ṣe ń kà á ni irùngbọ̀n ń yọ lágbọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwo, lẹ́yìn náà etí gbọọrọ. Kí n tó ní kó fọwọ́ sí i, ọ̀gá ti di òbúkọ, ó ti jẹ fọ́ọ̀mù dé ìlàjì.

Mo rọra ní, "Sà, ibi orúkọ Màmá lẹ ń jẹ yẹn."

"Mo mọ̀," ni òbúkọ wí, ó ń jẹ lọ. "Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Lọ kì dígí rẹ, kí o sì yára."

Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Àkàbà ti di fùfú; mo yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo dúró níwájú dígí, mo ṣí fìlà, mo kì í:

"Ojú tí kì í ṣẹ́jú,
A-wẹ̀yìn-má-yí-ọrùn,
Ẹni tí í gbé iwájú ròyìn ẹ̀yìn,
Ẹ rí ọlọ́kadà kó tó fun fèrè,
Ẹ rí ewúrẹ́ kó tó pinnu ibi tó ń lọ.
Ẹ na ọwọ́ yín, àǹtí mi, ẹ fi Màmá hàn mí."

Ọwọ́ dígí bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó gùn kọjá ara ọkọ̀, ó gùn kọjá ara tírélà, àwọn ẹyẹ bà lé e. Dígí róbótó kékeré kan hù ní igun rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Síbẹ̀, òjìji aláwọ̀ wúrà ni mo ń rí káàkiri. Òróró ni. Mo fi fìlà nù ún, mo nù ún, mo nù ún. Fìlà ń ké pé, "Aṣọ-òkè ni mí o! Aṣọ-òkè ni mí!" Mo tún nù ún.

Ìgbà náà ni ẹ̀yìn mọ́. Àga ti ṣófo. Màmá wà nílẹ̀, lẹ́yìn táyà gan-an, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan nínú gàrí. Ọkọ̀ sì ti ń fi ẹ̀yìn rìn fúnra rẹ̀! Òbúkọ yọ orí lójú fèrèsé lókè, ó fi ohùn Fadérera pariwo, "Máa bọ̀! Máa bọ̀!" Mo fò wọlé, mo ń wá búréèkì, gbágùúdá mẹ́ta ni mo bá níbi tó yẹ kó wà.

"Àjàgbé!" Màmá ké. "Dúró!"

Mo jí.

Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó kù díẹ̀ kí n yí i. Fadérera kò sí nílé. Òbúkọ aládùúgbò wa dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń jẹ páálí, ó ń wò mí bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Mo wo dígí: eruku, òróró, ara ẹ̀rọ. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àfi pé mo ń gbọ́ nǹkan kan, kékeré báyìí: pẹ́, pẹ́, pẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Màmá ló jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tírélà, ó na ẹsẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti táyà, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá.

"O ti jí?" Kò gbé ojú sókè. "Ibí ló tutù jù. Ṣé o fẹ́ gbé ọkọ̀ kúrò ni?"

"Rárá, Mà. Dígí ni mo fẹ́ nù."

Mo ṣí fìlà, mo fi nù ún. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo gba ọjà lọ ra ọlọ́wọ́ gígùn tí ẹ ń wò níta yẹn.