Orí Tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ Fá

Kílípà ń kùn lọ́wọ́ Ọwọ́ẹ̀rọ̀, ọwọ́ náà kò sì gbọ̀n. Ó gbé e sí ẹ̀yìn ọrùn ọmọ rẹ̀, ó fà á gòkè dé àtàrí, irun sì ń já bọ́ sórí aṣọ funfun tó so mọ́ ọn lọ́rùn. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dá a wó, ohùn tí èèyàn fi ń kí olóògbé ni gbogbo àdúgbò fi ń kí i. Kí wọ́n wá wò ó lónìí, lẹ́yìn àga, nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

Àkọ́bí rẹ̀, akọ̀wé báńkì, ló jókòó sórí àga náà. Kò wá fárí. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ló ti ìlú mìíràn wá gbà.

“Dókítà ní ọpọlọ yín ni àìsàn yẹn bà jẹ́, bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín,” ló sọ lánàá. “Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́.”

“Ìwọ àti dókítà wá jókòó, ẹ ń jíròrò ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn mi. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣé èmi tí mo fi abẹ rán ẹ níléèwé ni wàá wá máa kọ́ nípa abẹ?”

Bí wọ́n ṣe dá àdéhùn nìyẹn. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ yóò fá orí ọmọ náà kodoro. Bó bá fá a bó ṣe yẹ, kọ́kọ́rọ́ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ ìfẹ̀yìntì létí rẹ̀ mọ́. Bí kò bá dáa, yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò sì bá ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, kó lọ máa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí kílípà ṣe tirẹ̀ tán, ó fi ọṣẹ pa orí náà, ó sì mú abẹ. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́.

“Orí yìí ò yí padà láti kékeré o. Ó yọ gọngọ níwájú bíi ti ìyá ẹ.”

“Orí mi náà ló gbé e dé báńkì,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín pọ̀ gbẹ̀yìn.

Ó fi tówẹ̀lì tútù nu orí náà, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì wò ó. Ó ń dán. Ó wo inú díńgí, díńgí náà jẹ́rìí sí i. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kò tíì jẹ́ irọ́.

“Ó tán,” ló wí. “Sọ ojú abẹ níkòó.”

Ọmọ náà wo díńgí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ ọ́, jẹ́jẹ́.

“Bàbá àwọn ọmọ, ó ku apá kan.”

“Apá wo?”

“Apá òsì. Ẹ ò fọwọ́ kàn án rárá. Gbogbo irun rẹ̀ ló wà níbẹ̀.”

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún orí náà wò, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí irun kankan. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu, ìbínú sì gba ipò rẹ̀.

“Ìyẹn ni pé ẹ ti jọ dì í pọ̀. Ìwọ náà, ìyá àwọn ọmọ? Torí kọ́kọ́rọ́ lásán, ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè?”

“Mi ò bá ẹnikẹ́ni dì í pọ̀.” Obìnrin náà dìde. Ó di apá àga mú, ó sì yí i bìrí, títí ọmọ wọn fi kọjú sí bàbá rẹ̀.

Irun ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ rí. Orí tó kún fún irun bámú, bí ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò rí ibì kan tí abẹ kàn. Ó wo ilẹ̀, irun tó fá wà nílẹ̀.

“Yí i padà,” ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ yí i padà. Orí náà ń dán.

“Tún un yí.”

Irun.

Ó ní kí wọ́n tún un yí, wọ́n sì tún un yí. Ọmọ náà jẹ́ kí wọ́n máa yí òun kiri bí ọmọ kékeré, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ rántí oúnjẹ ilé. Ojoojúmọ́ ló máa ń kígbe pé oúnjẹ òun kéré, ìyàwó rẹ̀ á kàn na ọwọ́ yí àwo, oúnjẹ á sì tún yọ. Ahun ló pè é. Ó ní ó ń fi oúnjẹ pamọ́ fún òun nínú ilé òun. Síbẹ̀, obìnrin yìí ń yí àwo fún un lójoojúmọ́. Ojú tì í débi pé kò lè wò ó.

Àmọ́ ó ti mọ ibi tí irun náà wà báyìí: apá òsì rẹ̀ ni, níbi tí ojú rẹ̀ kì í dé mọ́. Ohun téèyàn bá ti mọ ibi tó wà, ṣebí yóò rí i.

“Yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i. N óò rí i.”

Wọ́n yí i padà. Ó fi gbogbo agbára tó wà lára rẹ̀ wò ó, títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó mọ̀ pé irun wà níbẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Orí tó ń dán ló rí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá alákàn ṣọ́ ojú?

“Di ọwọ́ mi mú,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Gbé e lọ síbẹ̀. Ọmọ yìí ò lè gbé irú orí yìí wọ báńkì.”

Obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì darí rẹ̀ lọ. Ohùn kílípà yí padà bó ṣe wọnú irun. Ó gbọ́ ọ. Ìka rẹ̀ kan etí ọmọ rẹ̀, etí náà gbóná. Irun ń dà sí i lọ́wọ́, ó sì ń yún un. Lójú tirẹ̀, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń fá. Wọ́n fá a báyìí títí ìyàwó rẹ̀ fi ní ó tó. Ní ti abẹ, Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ yín.”

“Gbà á. Àdéhùn la ṣe.”

Ọmọ náà gbà á. Ó mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irun orí ara rẹ̀ jọ. Ó gbálẹ̀ kọjá níwájú bàbá rẹ̀, ó ń lọ sápá òsì, ó sì pòórá mọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dúró. Ó ti ń fá orí nínú yàrá yìí kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kò sì mọ bí yàrá náà ti fẹ̀ tó mọ́.

“Ta ló tún wà níbí?” ló béèrè.

“Àwa mẹ́ta náà ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó fẹ́ yíjú kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò yíjú sí. Ó mi orí. Ó ní ó dáa, àwọn mẹ́ta ni.