Àpótí Alágádágodo Méjì

Oṣù méje ni àpótí irin náà ti wà ní títì nínú yàrá Ògúnjìmí ní Àjàó Estate l'Ékòó, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Agádágodo méjì ló wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́rùn Ògúnjìmí. Èkejì wà lọ́wọ́ Fàósátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkirè, níbi tí àìsàn gbé e lọ.

Àwo fíìmù ọkọ̀ òfurufú ogun ló kún inú àpótí. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣe sójà òfurufú rí. Àwọn ló ń so bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀. Fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì. Níbẹ̀, ẹnì kan kò lè dá a yìn. Àfi kí ẹni méjì yí kọ́kọ́rọ́ wọn pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí i ni Fàósátù lọ ra agádágodo kejì.

Ó ní, "Ẹni tó bá dá wò ó, ọ̀dàlẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n pa òfin náà mọ́ fún ọdún mọ́kànlá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Rodiat, ọmọ Fàósátù tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, wọlé, ó kúnlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Bàbá mi ní kí n fún yín."

Ògúnjìmí kò nawọ́. "Kí ló ṣe é?"

"Ojú wọn ti lọ pátápátá. Wọ́n ní kí ẹ máa wò ó lọ."

"Ẹnì kan kì í mú kọ́kọ́rọ́ méjì."

"Háà, Bàbá! Fíìmù mà ni, kì í ṣe bọ́ǹbù!"

"Ẹni tí kò lè pa òfin fíìmù mọ́, ṣé bọ́ǹbù ni wọ́n á fún un?"

Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lórí ilé. Páànù gbọ̀n. Ògúnjìmí wo àga tí Fàósátù máa ń jókòó sí. Fàósátù ìbá ti dárúkọ ọkọ̀ náà, láìwo òkè. Ìró rẹ̀ lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n.

"Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Etí? Ẹ sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn wò!"

Ògúnjìmí dìde. Ó kán òróró sínú agádágodo tirẹ̀, ó kán an sí ti Fàósátù.

"Mú kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Sọ pé mò ń gbé àpótí bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí tirẹ̀."

"Irin yìí, dé Ìkirè? Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ó ti gbé bọ́ǹbù rí."

Nígbà tí Rodiat lọ, Ògúnjìmí jókòó. Ọkọ̀ mìíràn kọjá. Ó di ojú, ó gbìyànjú láti mọ irú èyí tó jẹ́.

Kò mọ̀ ọ́n.