Ohun Tó Wà Nínú Ọ̀já Yọ̀mí

Akínsànyà ọkọ mi kì í pariwo lórí fóònù. Á kàn ní, "Kíkẹ́, o ti dé títì Arakale. Má gbàgbé mílíìkì ọmọ."

Mo ti gbé Yọ̀mí ọmọ wa sá kúrò nílé Akínsànyà l'Oǹdó wá sí Àkúrẹ́, torí ó fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ pa mí. Ó búra pé tí òun bá rí wa, òun á gba ọmọ òun, n kò sì ní fojú kàn án mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fi fóònù sílé lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè mí: "Ṣé o rí mílíìkì náà rà?" Kì í ṣe fóònù ló fi ń tọpa mi nìyẹn.

Mo ju báàgì nù, mo ju bàtà nù. Ọ̀já Yọ̀mí nìkan ló kù. Màmá ọkọ mi ló fún mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá wo ló sì máa ń ju ọ̀já ọmọ sáàtàn?

Àfi ìgbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun kan, tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn han gooro. Sherifat tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yẹ̀ mí wò títí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀já yín ló ń ké."

A tú etí rẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, okùn wáyà yí i ká, nǹkan dúdú bíńtín sì wà láàárín. Táàgì, irú èyí tí wọ́n ń fi sára ọjà kí olè má bàa gbé e. Iṣẹ́ Akínsànyà mà ni, òun ló ń kan ẹ̀rọ tó ń ka táàgì mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù, láti Oǹdó títí dé Ọ̀bà-Ilé, ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ló sì ń sọ ibi tí mo bá kọjá fún un. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Tí ẹ bá kàn jù ú nù, á ṣì máa sọ̀rọ̀," Sherifat ní. "Ẹ pa á."

Mo délé, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́. Mo gbé nǹkan dúdú yẹn sórí ọlọ, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Fóònù dún.

"Kíkẹ́, níbo lo wà?"

Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mo gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Mo gbé fóònù kúrò létí. Ẹ̀rọ náà ṣì ń dún, lójúde wa. Ó ti tọ táàgì náà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù dé àdúgbò wa kí n tó pa á.

Mo fi ọmú sẹ́nu Yọ̀mí kó má bàa ké. Níta, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa.