Àwo Limbani

Ìdánwò tí wọ́n kó wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Salima, ní Malawi, lọ́dún yẹn kì í ṣe ti àkọ́sórí. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ronú sí ìṣòro oúnjẹ ojoojúmọ́. Èmi ni mo máa máàkì í, ìwé ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo sì ṣe rí nìyẹn: tí mo bá ti rí òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé, mi ò tún ń bi ara mi léèrè ohunkóhun.

Ìbéèrè kẹta ní: ọmọ ọdún mẹ́ta kan ń rù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà àti ẹja wẹ́wẹ́ kò wọ́n nílé wọn, kí ni kí ìyá rẹ̀ ṣe? Ìwé ìdáhùn ní kó máa fún un ní ẹyin.

Tadala, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kọ ojú ewé kan gbáko. Ó ní kí ìyá náà bu ti ọmọ sọ́tọ̀ sínú àwo kékeré. “Tí ọmọ márùn-ún bá jọ ń fi òkèlè nsima bu ẹja nínú àwo kan, ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n ló ń yá. Mo ti kà á. Òkèlè mẹ́fà ni èyí kékeré jẹ, ẹja kan ló kàn án.”

Mo fún un ní òdo. Ì bá mọ síbẹ̀, mo tún kà á sétí gbogbo kíláàsì.

“Tadala, ṣé ọmọ ọba ni, tó fi máa dá àwo ní?”

Ẹ̀rín sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ń dá jẹun, wọ́n ní ahun ni yóò ya. Chifundo pariwo láti ẹ̀yìn: “Màdáámù, ẹ bá òun náà ra tiẹ̀ o, kó má bàa jowú!”

“Oúnjẹ ni wọ́n bi ọ́, wọn ò bi ọ́ léèrè àwo,” ni mo wí. “Ẹyin ni ìdáhùn.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Màdáámù?” Kò fi ṣe àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

“Ó wà nínú ìwé.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Tadala kò wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé ẹja lọ tà ní Lilongwe, Tadala ló ń se oúnjẹ fáwọn àbúrò, nítorí náà mo lọ wò ó nílé. Wọ́n ní ó wà ní ọsibítù. Mo bá a lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Limbani, àbíkẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú, ó ń dán.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ń bá Tadala wí: “Ṣé ìwọ lò ń bu oúnjẹ? Àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀, ṣé o gbọ́? Kò gbọdọ̀ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ pọ̀ mọ́.”

Èmi ni Tadala ń wò.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, mo ní, “Tadala, ta ni ọmọ tó o kọ̀wé nípa ẹ̀?”

“Limbani ni. Mo ti ń bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà yẹn, ó ti ń sanra bọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbé àwo yẹn kúrò. Mò ń fi ẹja pààrọ̀ ẹyin, mò ń sè é, gbogbo wọn sì jọ ń jẹ ẹ́ nínú àwo kan.”

“Ṣé o ò rí i pé ẹyin náà kì í kàn án ni?”

“Mo rí i, Màdáámù. Mo ṣáà ní ìwé ló mọ̀.”

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ pé, “Ẹ dìde, Màdáámù, àwọn èèyàn ń wò yín.” Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Limbani kò kú, mo dúpẹ́. Mo fún Tadala ní máàkì rẹ̀ ní pípé, mo sì jẹ́wọ́ ẹ̀bi mi níwájú kíláàsì. Mo rò pé ó tán.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, ìdánwò mìíràn dé. Mo ní, “Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò.” Tadala nawọ́.

“Màdáámù, kí ni ìwé wí?”

Ìlà kan péré ló kọ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà nínú ìwé kíláàsì gẹ́lẹ́. Ó gba gbogbo máàkì. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, mi ò rí òkèlè kan tó kà níbẹ̀.