Adeolu Villa àti Boys Quarters

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni Olúrẹ̀mí àti àbúrò rẹ̀ Adéolú ti jọ ń gbé ilé tí baba náà kọ́ sí Ìgàndò. Adéolú àti ìyàwó rẹ̀, Tolúwalọpẹ́, wà lókè. Olúrẹ̀mí, tó tọ́jú baba títí ọlọ́jọ́ fi dé, wà ní yàrá méjì nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tí Adéolú gbé ráútà tuntun dé, inú Olúrẹ̀mí dùn. Ó ṣí fóònù rẹ̀ kó lè wá wáìfáì náà. Orúkọ méjì ló yọ: "Adeolu Villa" àti "Boys Quarters".

Ó kà á, ó tún un kà. Ó gun òkè lọ láìwọ bàtà.

"Adéolú, èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Boys Quarters ni, Àǹtí Rẹ̀mí." Adéolú ò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ọ̀nà méjì ni ráútà yẹn ń gbà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì jáde. Ti fáìfù gígà, Adeolu Villa yẹn, yára, àmọ́ kò lè la ògiri dé ọ̀dọ̀ yín. Ti tuu-pọ́ìntì-fọ́ọ̀, tiyín, ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn jìnnà. Ìdí tí mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn."

"Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣé èmi lọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà?"

"Orúkọ lásán ni, jàre. Ẹ má sọ ọ́ di nǹkan ńlá."

"Lásán? Ṣé bàbá wa ló kọ́lé, àbí ìwọ? Nígbà tí mò ń gbé póò fún un, àdúgbò Pleasure lọ́hùn-ún lo ń gbé. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o kì í gbé e. Yí orúkọ yẹn padà!"

Tolúwalọpẹ́ rẹ́rìn-ín sínú fóònù rẹ̀. Adéolú dìde.

"O ò lè máa pàṣẹ fún mi nínú ilé mi."

Láti kékeré ni Adéolú ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òní ni "o" kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde sí i, ó sì dun Olúrẹ̀mí ju "ilé mi" lọ. Ó fa píìnì yọ nínú irun rẹ̀, ó ti ẹnu píìnì náà bọ ihò kékeré ẹ̀yìn ráútà, èyí tó ń dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná orí rẹ̀ fi kú. Nígbà tó tún tàn, gbogbo orúkọ ti pa rẹ́.

"Ó yá, tún un sọ lórúkọ. Màá tún pa á rẹ́."

Adéolú fa wáyà yọ lára ògiri, ó gbé ráútà wọ yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Lọ ra tìẹ!"

Olúrẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò bàbá wọn tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ ló pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá pín ilé yìí fún wa. Èmi àti Adéolú ò lè jọ gbé mọ́."

"Háà! Kí ló dìjà?"

Ó la ẹnu kó sọ pé wáìfáì ni, ó pa á dé.

"Ẹ ṣáà máa bọ̀, sà."