Etí Kejì Lórí Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì

Kí Asiat tó dé, Nọ́ọ̀sì Falilat kì í lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láti inú ilé ìwòsàn Odò-Ọwá. Bí àìsàn ẹnìkan bá ju agbára rẹ̀ lọ, á fi onítọ̀hún sílẹ̀ lórí ibùsùn, á gun òkè ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nígbà òjò, tí ọ̀nà bá bàjẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè tètè gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ọ̀sí.

Ọmọ Mìkáílù tó ń dáko iṣu ní Òkè-Ọ̀pin ni Asiat. Ó ti di ẹnjiníà ní Ìlọrin, iṣẹ́ rédíò ló sì yàn láàyò. Ó ṣàlàyé fún Falilat pé wọ́n ya ọ̀pọ̀ ọ̀nà sọ́tọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ní àgbègbè tiwọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ṣófo. Igi àti ewé kì í sì tètè dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Rédíò tí òun gbé wá, tí ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán láti ibì kan dé ibòmíràn, máa ń tẹ́tí kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá gbọ́ pé ẹlòmíràn ń lo ọ̀nà kan, á yà fún un, á wá ibòmíràn tó dákẹ́ gbà.

Ó gbé ọ̀kan sórí òrùlé ilé ìwòsàn, ó gbé ìkejì sí Ọ̀sí, níbi tí dókítà wà. Lọ́jọ́ tó tan án, ojú dókítà hàn kedere lórí kọ̀ǹpútà. Falilat fa àga sún mọ́ ọn, ó ń wò ó.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni wàhálà dé. Bí pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, máìkì aláìlókùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń pariwo, ohùn rẹ̀ sì ń já. Díákónì Ògúnmọ́lá, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìjọ, tú gbogbo wáyà wò, kò rí àléébù kankan. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Falilat. Kò pariwo mọ́ ọn, àmọ́ ó ní àfi kí wọ́n pa ohun tuntun tó wà lórí òrùlé yẹn.

Falilat rò pé Asiat yóò jiyàn. Asiat kò jiyàn. Ó wá láti Ìlọrin, ó kúnlẹ̀ kí díákónì nílé rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí àwọn jọ lọ tan máìkì náà. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tí ń wọn agbára ìgbì rédíò inú afẹ́fẹ́, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ìwòsàn. Àpáta ńlá kan wà láàárín wọn. Ní ìhà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ náà ń gbọ́ máìkì dáadáa. Bí ó ṣe yí àpáta kọjá báyìí, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó padà sọ́dọ̀ díákónì. "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Rédíò mi ló ń dà yín láàmú. Ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n ni máìkì yín náà ń gbà, ṣùgbọ́n kò lágbára bíi tẹlifíṣọ̀n, àpáta yìí sì bò ó. Rédíò mi tẹ́tí, kò gbọ́ ẹnikẹ́ni, ó rò pé ọ̀nà ṣófo, ó wá ń sọ̀rọ̀ lé máìkì yín lórí."

"Ṣé wàá wá pa á ni?"

"Mo fẹ́ fún un ní etí kejì, Bàbá, bí ẹ bá gbà. Lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Ó ní etí náà kò ní gba ọ̀rọ̀ ìjọ sílẹ̀. Kìkì pé ẹnìkan wà lójú ọ̀nà ni yóò máa ta rédíò lólobó. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ní kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ògúnmọ́lá ló gbèjà rẹ̀. Ó ní òun ti bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ púpọ̀ pàdé, ẹni tó kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀rọ òun ló jẹ̀bi nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú nígbà tí Asiat gun òrùlé.

Ní ọjọ́ Àìkú mìíràn, Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Koro, bímọ ní ilé ìwòsàn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Falilat pe dókítà lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì ń sọ abẹ́rẹ́ tí yóò fún un àti bí yóò ṣe máa tẹ ilé ọmọ. Asiat, tó ti wá ṣáájú òjò láti wo bí etí kejì ṣe ń ṣiṣẹ́, jókòó ti ẹ̀rọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ó mọ̀ pé pásítọ̀ máa tó mú máìkì.

Àwòrán dókítà dúró bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú, ó sì tún ń lọ.

"Ó ti yà," Asiat sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Dókítà kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má dáwọ́ dúró," Falilat kò sì dáwọ́ dúró. Láti ẹ̀yìn àpáta, ohùn pásítọ̀ ń bọ̀ geere, kò já rárá. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ Bọ́sẹ̀dé dá. Falilat fẹ̀yìn ti ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Ògúnmọ́lá wá tòun ti Bíbélì lábíyá. Ó béèrè bí ìyá ọmọ ṣe wà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá rédíò ṣe bí Asiat ṣe wí. Asiat fi ibi tó ti yà kúrò lọ́nà hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ìwà àgbà lo fi kọ́ irin yìí," ló wí fún Asiat.

Ó ní kí ó máa bọ̀ nílé òun, ìyàwó òun ti gún iyán, kí ó mú Falilat dání bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.