Sòbìà Kò Jẹ́ Kí Òkè-Àpáta Dìbò

~

1

…ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lè gbé e dé Ìsàlẹ̀-Ọjà lọ́la, kó nawọ́.

Ọwọ́ kankan ò nà.

Ràmọ́nì tún un wí. Òun ni àdúgbò Òkè-Àpáta fà kalẹ̀ pé kó lọ ṣe káńsẹ́lọ̀ lọ́dún 1987 yìí. Ìyá rẹ̀ jókòó sáàárín èrò lábẹ́ igi mángòrò.

"Ṣé bí ẹ ó ṣe jókòó nìyí?"

Bàbá Ìyápọ̀ ló dá a lóhùn: "Ta ló jókòó? Sòbìà ló jókòó lé wa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Igi wà lọ́rùn ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà.

Ìyá Àwáwù ni wọ́n ń pè é. Àwáwù, àkọ́bí rẹ̀, ti kú. Àwọn kan fẹ́ máa pè é ní Ìyá Ràmọ́nì. Kò jẹ́ wọn rí.

~~

2

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌ́JÚ SÒBÌÀ

Má fà á.
Bí orí rẹ̀ bá yọ lójú egbò, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú un.
Lọ́ ọ mọ́ igi lẹ́ẹ̀kan. Di igi mọ́ ẹsẹ̀. Jókòó.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, tún lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Jókòó.
Bí o bá fà á, ó já.
Bó bá já, èyí tó kù nínú ẹsẹ̀ ló ń pa èèyàn.

~~~

3

Ọ̀gọ̀dọ̀ Alámọ̀ ni Òkè-Àpáta ń mu. Lọ́dún 1976, oníṣègùn ìjọba kan wá, ó tẹjú mọ́ omi náà, ó ní ibẹ̀ ni sòbìà ti ń wá. Ó ní ká máa fi aṣọ sẹ́ ẹ, títí ìjọba yóò fi gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wa.

Ta ni yóò sọ fún ìjọba?

Ó ní káńsẹ́lọ̀ yín ni.

~~~

4

IGBE AKÉDE, 1976

Ẹ gbọ́ o! Baálẹ̀ kí yín, ó kí tọmọdé tàgbà! Ìjọba ní kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún un ní kánsù! Ilé ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀-Ọjà ni ìdìbò! Ìgbà ọyẹ́ yìí náà ni! Ẹ má wí pé ẹ ò gbọ́ o!

~~~

5

Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà sòbìà.

~~~

6

Ohun tí wọ́n bára wọn sọ lójú ilẹ̀kùn, láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò náà:

ÀWÁWÙ: Ìyá, ẹ bá mi gbé Àdìjátù.

ÌYÁ: Ibo lò ń lọ?

ÀWÁWÙ: Mo fẹ́ lọ dìbò fún Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Ọmọ Òkè-Àpáta tiwa ni.

ÌYÁ: Tìgitìgi lẹ́sẹ̀?

ÀWÁWÙ: Màá fà á yọ.

ÌYÁ: Wọn kì í fà á! Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?

ÀWÁWÙ: Gbogbo ilé ló dùbúlẹ̀ yìí. Bí a ò bá rẹ́ni tiwa rán lọ síbẹ̀, omi yìí náà lọmọ yìí ó máa mu. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?

ÌYÁ: Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?

ÀWÁWÙ: Ẹ gbé e, Ìyá mi.

Ìyá gbé e. Ọmọ ò tíì hu eyín.

~~~   ~

7

Ó já.

 

8

Ọ̀gbẹ́ni Mákindé ti Ìsàlẹ̀-Ọjà ló wọlé. Ìbò tí Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé fi lulẹ̀ ò tó èrò inú agbolé kan, agbolé mélòó ló sì dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà.

Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ Àwáwù wú dé itan. Lẹ́mọ́mù kírun sí i lára lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀rọ omi dé lóòótọ́. Iwájú ilé Mákindé ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn àgbà Òkè-Àpáta gbéra, wọ́n tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò," Mákindé wí, "ẹ ti yára dìde lónìí o!"

Kò purọ́. Ohun tó dun Ìyá Àwáwù jù nìyẹn.

~

9

ÀWỌN TÓ Ń GBẸNU SỌ FÚN ÒKÈ-ÀPÁTA NÍ KÁNSÙ

MÁKINDÉ. A dìbò. Àwọn tó lè rìn ló dìbò.

CORNELIUS. A ò dìbò. Àwọn tó wà n'Íbàdàn ló yàn án fún wa.

Ọ̀GÁ SÓJÀ. A ò dìbò. A ò mọ ojú rẹ̀.

……………………………

~~

10

Cornelius yìí wá kí wa lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò gbé e dé abẹ́ mángòrò. Àlejò kì í sì í wọ̀lú kí wọ́n má fi omi lọ̀ ọ́. Ìyá Àwáwù bu omi Alámọ̀ sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un.

"Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Omi wa nìyí."

Cornelius gba igbá. Ó wò ó. Nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun. Mo wà nínú ààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ wo?" Bàbá Ìyápọ̀ fò sókè. "Àwa la ní Ràmàdánì, ó sì ti kọjá!"

Èrò rẹ́rìn-ín débi pé Cornelius náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé igbá náà sílẹ̀. Ó ní kí ọdún yìí tó parí, òun ó gbé ẹ̀rọ omi wá.

Páìpù dé. Wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Ọjà. A jó.

~~

11

RÉDÍÒ, ỌDÚN TÍ SÓJÀ GBA ÌJỌBA

"…a ti tú gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ká láti òní lọ."

Ìyá Àwáwù: "Wọ́n tú wọn ká? Ìgbà wo ni wọ́n péjọ?"

~~

12

Ewúrẹ́ ń bímọ sínú páìpù.

~~~

13

ÌWÉ ARA ÒGIRI, 1987

RÀMỌ́NÌ
ọmọ Òkè-Àpáta
OMI
OMI
OMI

~~~~

14

Ọjọ́ ìdìbò. Ọyẹ́ tún ni.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn kan. Wọ́n fi báró ti àwọn kan bí ìgbà tí wọ́n ń kó iṣu relé. Ìyápọ̀ fi alùpùpù gbé bàbá rẹ̀, ó padà wá gbé ẹlòmíì, títí epo fi tán. Ọjọ́ ti ń rọ̀. Ràmọ́nì sáré wálé.

RÀMỌ́NÌ: Ìyá, ẹ jókòó o. Ẹ má ṣe nǹkan kan.

ÌYÁ: Báwo ló ṣe rí níbẹ̀?

RÀMỌ́NÌ: Àwa àti àwọn Ìsàlẹ̀-Ọjà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ìbò kan lè dá a.

ÌYÁ: Ìbò kan.

RÀMỌ́NÌ: Mi ò pè yín! Nítorí Àwáwù ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ jókòó.

ÌYÁ: Nítorí Àwáwù náà ni n ó ṣe dìde.

RÀMỌ́NÌ: Tó bá já ńkọ́? Ta ni mo tún ní?

Wọ́n ké pè é láti òde. Ó sáré padà.

~~~~~

15

Àdìjátù ti di ọmọge kékeré. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ni sòbìà ò tíì mú rí. Ìyá àgbà ni í sẹ́ omi rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, aṣọ méjì lórí ara wọn.

"Ìyá àgbà."

"Kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ ń ta mí. Bí iná."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ sókè. Ara ibẹ̀ lé ròrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, kékeré, ó ń dán.

Ìyá Àwáwù tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fà á ya, ó fi di igi mọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó so ó pinpin.

"Bí ó bá yọ, má fà á," ó sọ fún ọmọ náà. "O gbọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní o fà á, má dá a lóhùn. Títí kan èmi."

~~~~~~

16

Ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Ọjà gbẹ. Ó rìn. Ó fi ọ̀pá gbéra. Ó dé ibi páìpù, ó jókòó lé e, ìpáàrà lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ewúrẹ́ wò ó. Ó dìde.

Ó rìn.

~~~~~~~

17

"Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nìkan o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọlé!"

Ó wà lórí ìlà.

~~~~~~~~

18

AKỌ̀WÉ: Orúkọ?

ÌYÁ: Ìyá Àwáwù.

AKỌ̀WÉ: Orúkọ yín gan-an, Ìyá.

ÌYÁ: Ìyá Àwáwù ni.

AKỌ̀WÉ: Kò sí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú.

ÌYÁ: …Sàrátù.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀hẹ́n. Ẹ tẹ ìka yín sínú dúdú yìí. Ẹ lọ tẹ ẹni tó wù yín.

Nǹkan kan gbóná lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ òógùn.

Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀: "Ìyá, igi yín bọ́ sílẹ̀ o!"

Ó na ìka. Kò wo ilẹ̀.

~~~~~~~~~